Bakitéríà Tí Ń Ṣe Ara Lóore àti Àrùn Ìfun Wíwú: Ibi Tí Ìwádìí Dé Dúró

Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ìgò yọ́gọ́ọ̀tì, àpò ìyẹ̀fun àti kápúsù tí wọ́n kọ “próbáyótíìkì” sí lára ti gbòde ní àwọn ilé ìtajà oògùn ní ìlú wa. Lórí fóònù alágbèéká, ìpolówó wọn kò lóǹkà. Wọ́n ní ó ń wo inú rírun, ó ń fọ ìfun mọ́, ó ń mú ara fúyẹ́. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ju ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lọ, kò sì sí ọlọ́jà tí í pe ọjà tirẹ̀ ní bàbàrà. Ṣùgbọ́n láàárín ariwo náà ni ìbéèrè gidi kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń wá ìdáhùn sí láti ọdún pípẹ́: ṣé ènìyàn lè gbé bakitéríà tó wà láàyè mì láti fi wo àrùn tí ń jẹ ìfun ní egbò?

Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni” gbọnrangandan, kì í sì í ṣe “rárá”. Ó kù sí ọwọ́ irú àrùn tí ó ń ṣe ènìyàn àti irú bakitéríà tí a ń sọ. Ìdí tí a fi gbé àlàyé yìí síta fún àwọn ará ìpínlẹ̀ wa ni pé ẹni tí ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó wá fi ìgò aládùn kan rọ́pò ilé ìwòsàn, lè pàdánù ìfun rẹ̀, ó sì lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú.

Àrùn wo ni à ń sọ?

Àrùn ìfun wíwú kì í ṣe inú rírun ọjọ́ kan tàbí méjì. Àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ó sì lè bá ènìyàn gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ogbó. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó pín sí. Èkíní ni àrùn egbò ìfun ńlá, èyí tí Samuel Wilks, oníṣègùn kan ní ilé ìwòsàn Guy's ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1859. Ìfun ńlá nìkan ni èyí ń bá jà. Láti ìdí ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú ìfun náà á wú, á pọ́n, á sì di egbò tí ń ṣẹ̀jẹ̀.

Èkejì ni àrùn Crohn. Orúkọ Burrill Crohn ni wọ́n fi pè é, ẹni tí òun pẹ̀lú Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer jùmọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York ní ọdún 1932. Àrùn yìí kò mọ ààlà. Láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ibi tó bá wù ú ni ó ń mú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí ìfun kékeré ni ó sábà máa ń fẹ̀ sí. Ó lè fo ibì kan kí ó mú ibòmíràn. Kì í sì í dúró lórí awọ nìkan: a máa jẹ wọ inú ògiri ìfun, débi pé ọ̀nà oúnjẹ lè fún pọ̀ títí yóò fi dí, tàbí kí ìfun kan lu sí èkejì.

Àmì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ohun yíyọ̀ bí ikun nínú ìgbẹ́, inú tí ń lọ́ni, ara tí ń rù, ibà tí kò ní orúkọ, àárẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ tó dínkù lára. Ó ń dá àwọn kan jí lóru lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin láti sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ń mú oríkèé ro àwọn mìíràn, ó sì ń mú ojú wọn pọ́n. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí ìdí láti ya abọ́ tàbí ibùsùn aláìsàn sọ́tọ̀.

Ohun tó ń fà á gan-an kò tíì yé àwọn onímọ̀ délẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọn tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àbùdá tí ènìyàn jogún wà níbẹ̀, oúnjẹ àti àyíká wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ẹnubodè, kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé mọ́. Wọ́n dojú ìjà kọ àwọn kòkòrò tí kò ṣẹ̀ wọ́n, ara ìfun fúnra rẹ̀ sì ni pápá tí wọ́n ti ń jà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí. Ní àdúgbò wa, orúkọ yìí ti di àpò ńlá tí a ń kó ohun gbogbo sí. Ẹni tí ìdí rẹ̀ yọ, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́ta náà, a ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a ó sì sọ pé ó ti lá ṣúgà jù. Agbo tí wọ́n sì sábà máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èyí tí yóò mú un yàgbẹ́ sí i, kí inú rẹ̀ “lè mọ́”. Ìfun tó ti di egbò kò nílò ẹni tí yóò tún gbá a. Omi ara àti ẹ̀jẹ̀ tó kù ni yóò bá a lọ. A kò sọ èyí láti tàbùkù àwọn ẹlẹ́wé ọmọ, tí wọ́n ní ipò tiwọn láàárín wa. À ń sọ ọ́ nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo kò lè jẹ́ oògùn fún àrùn mẹ́wàá.

Ìgbà kan wà tí àwọn ìwé ìṣègùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọ ọ́ pé àrùn yìí kò sí láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Zaria ti tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn tiwọn, tó fi hàn pé ó wà. Ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa ju bí ó ti rí ní Yúróòpù lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àìwá nǹkan náà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí a rí i, nítorí pé ìgbẹ́ ọ̀rìn, kòkòrò amíbà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ikọ́ ife tó wọ inú ìfun ni ọkàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí, ó sì tọ́ kí ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Àwọn ayálégbé inú ìfun

Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2016 pé bakitéríà tó wà lára àgbàlagbà kan tó bí tírílíọ̀nù 38, inú ìfun ńlá sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Wọn kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ń jẹ nínú èérí oúnjẹ tí ìfun wa kò lè dà, bí èyí tó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti àgbàdo. Wọ́n ń ṣe fítámì K fún wa. Wọ́n sì ń ṣe ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní butyrate, èyí tí í ṣe oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun ńlá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ti gba ààyè, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ tí kòkòrò búburú ì bá fi fìdí kalẹ̀.

Nínú ìfun àwọn tó ní àrùn yìí, ìlú àwọn kòkòrò náà ti dàrú. Oríṣiríṣi wọn dínkù. Ní ọdún 2008, Harry Sokol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bakitéríà kan tí ń jẹ́ Faecalibacterium prausnitzii kò tó nǹkan nínú ìfun àwọn aláìsàn Crohn tí àrùn wọn tètè padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kòkòrò yìí wà lára àwọn tí ń ṣe butyrate. Nígbà tí wọ́n sì fi í fún eku tí ìfun rẹ̀ wú, ìfun náà rọlẹ̀. Ṣé àìsí kòkòrò náà ni ó fa àrùn, àbí àrùn ni ó lé kòkòrò náà lọ? Ìbéèrè tó le nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìwádìí ni ó sì ń yí i ká.

Láti ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹnikẹ́ni lè rí bí èrò náà ṣe wá: bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ti dínkù nínú ilé, ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn.

Ọmọ ogun tí kò ṣàìsàn

Èrò yìí kì í ṣe ti òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Élie Metchnikoff ti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Pasteur ní Paris, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908, ti ń wí pé wàrà kíkan tí àwọn ará Bulgaria ń mu wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀mí wọn gùn. Ní Japan, Minoru Shirota ya bakitéríà kan sọ́tọ̀ ní 1930, ó sì sọ ọ́ di ohun mímu tí wọ́n ń pè ní Yakult ní 1935.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó kan àrùn wa jù ni ti Alfred Nissle, dókítà kan ní ìlú Freiburg ní Jámánì. Nissle ti ṣàkíyèsí nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ pé tí òun bá da ìgbẹ́ àwọn ènìyàn kan pọ̀ mọ́ kòkòrò tí ń fa ibà inú, kòkòrò náà kì í lè dàgbà, ṣùgbọ́n nínú ìgbẹ́ àwọn ẹlòmíràn a máa gbilẹ̀. Ó fura pé bakitéríà tí ń jẹ́ Escherichia coli, tí gbogbo wa ń gbé kiri, ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àti pé tàwọn kan lágbára ju ti àwọn mìíràn lọ. Ogun àgbáyé kìíní wá dé. Ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ní agbègbè Dobrudja, ní ìlà-oòrùn gúúsù Yúróòpù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì. Òun nìkan kò ṣàìsàn. Láti inú ìgbẹ́ ọmọ ogun yìí ni Nissle ti ya kòkòrò rẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1917, ó gbìn ín, ó sì kó o sínú kápúsù fún àwọn aláìsàn. Ẹ rántí pé kò tíì sí pẹnisílìnì nígbà náà. 1928 ni Alexander Fleming tó ṣàwárí rẹ̀. Oògùn Nissle, tí wọ́n sọ ní Mutaflor, ṣì ń bẹ ní ilé oògùn ní Jámánì títí di òní, wọ́n sì ń pe kòkòrò náà ní E. coli Nissle 1917.

Àwọn tó ti gbọ́ orúkọ E. coli rí yóò ta kìjí, nítorí pé òun kan náà ni a ń gbọ́ pé ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn ọ̀nà ìtọ̀. Òótọ́ ni. Bí ènìyàn bá dé ìlú kan tó ní òun ń wá Òjò, wọn yóò bi í pé: Òjò wo? Ti agbo ilé wo? Òjò kan lè jẹ́ alàgbà ìjọ, òmíràn lè jẹ́ gbéwiri. Báyìí ni ọ̀rọ̀ bakitéríà rí. Orúkọ ìdílé kò tó, orúkọ àbísọ kò tó; àfi kí a mọ ìran náà gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà tàbí àmì tí wọ́n fi dá a mọ̀. Iṣẹ́ tí ìran kan ṣe kò di ti ìran mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìpolówó ti ń ṣi àwọn ará ìlú lọ́nà nìyí: wọ́n á mú àbájáde tí ìran kan ní, wọ́n á fi polówó ìgò tó kún fún ìran mìíràn.

Ohun tí àwọn ìwádìí sọ

Bí àwọn oníṣègùn bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan ń ṣiṣẹ́, wọn kì í bi ẹni tó lò ó pé ṣé ara rẹ̀ yá. Àrùn tó ń lọ tó ń bọ̀ lè lọ fúnra rẹ̀, kí ènìyàn sì gbé oyè fún ohun tó mu lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú, wọ́n á fún apá kan ní oògùn náà, wọ́n á sì fún apá kejì ní oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí ohun tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Aláìsàn kò ní mọ èyí tí òun ń lò. Dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní mọ̀ pẹ̀lú.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kòkòrò Nissle ṣe fún àwọn tó ní egbò ìfun ńlá. Oògùn tí wọ́n fi í wé ni mesalazine, tí ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń lò ó. Wọ́n tẹ ọ̀kan jáde ní 1999, tí aláìsàn 116 kópa nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó tóbi jù ni ti Wolfgang Kruis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 2004. Aláìsàn 327 ni ó wọlé, àwọn tí àrùn wọn ti rọlẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún oṣù méjìlá láti mọ iye ẹni tí yóò tún gbérí lára wọn. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé ìlànà náà dópin, àrùn padà sí ara ìdá 36.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo kòkòrò Nissle, ó sì padà sí ara ìdá 33.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo mesalazine. Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgba.

Àbájáde yìí kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á bó ṣe rí. Bí àrùn ṣe dákẹ́ ni wọ́n fi ṣọ́ ọ kí ó má tún jí. Kì í ṣe iná tó ń jó lọ́wọ́ ni wọ́n fi pa. Bẹ́ẹ̀ ni kò borí oògùn àtijọ́. Ó sì tún ní ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń wò lójú: kòkòrò náà ní àbùdá tó lè fi ṣe èròjà kan tí ń jẹ́ colibactin, tó lè ba àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn jẹ́. Ìjíròrò lórí èyí kò tíì parí.

Ibi tí próbáyótíìkì ti mókè jù ni ọ̀ràn kan tó yàtọ̀ díẹ̀. Bí egbò ìfun ńlá bá kọ̀ tí kò gbọ́ oògùn, àwọn oníṣẹ́ abẹ lè yọ ìfun ńlá náà kúrò pátápátá, kí wọ́n sì fi ìparí ìfun kékeré ṣe àpò kan tí yóò máa gba ìgbẹ́ dúró. Alan Parks àti John Nicholls ti ilé ìwòsàn St Mark's ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ àlàyé iṣẹ́ abẹ yìí jáde, ní 1978. Àpò tuntun náà fúnra rẹ̀ a máa wú nígbà mìíràn, a sì máa yọ aláìsàn lẹ́nu lemọ́lemọ́. Ní 2000, Paolo Gionchetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bologna ní ilẹ̀ Ítálì mú ogójì ènìyàn tí irú èyí ti ṣe rí, tí oògùn apakòkòrò sì ti mú un rọlẹ̀. Wọ́n fún ogún nínú wọn ní ìyẹ̀fun tí ìran bakitéríà mẹ́jọ pọ̀ sí nínú. Wọ́n fún ogún yòókù ní ìyẹ̀fun lásán. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, àrùn ti padà sí ara gbogbo ogún tó lo ìyẹ̀fun lásán. Nínú àwọn tó lo bakitéríà, ẹni mẹ́ta péré ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìṣègùn rí ìyàtọ̀ tó hàn gbangba báyìí, bí àwọn ènìyàn náà kò tilẹ̀ pọ̀.

Àrùn Crohn ní tirẹ̀ kò gbọ́. Wọ́n dán Lactobacillus GG wò fún àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, kò dá àrùn náà dúró. Wọ́n dán ìwúkàrà kan wò tí ń jẹ́ Saccharomyces boulardii, tí Henri Boulard ará Faransé rí lára èso ní apá Ìlà-Oòrùn Éṣíà ní àwọn ọdún 1920. Aláìsàn 165 ló kópa nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2013, fún ọdún kan, ìyàtọ̀ tó ní láárí kò sì sí láàárín àwọn tó lò ó àti àwọn tí kò lò ó. Bóyá nítorí pé àrùn Crohn ń jẹ wọ inú ògiri ìfun ni, tí kòkòrò orí awọ kò fi lè dé ibẹ̀. Bóyá nítorí pé orúkọ kan ni a fi ń pe àrùn púpọ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìfun ní Amẹ́ríkà kó gbogbo ìwádìí wọ̀nyí jọ ní 2020, ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a má ṣe lo próbáyótíìkì fún egbò ìfun ńlá tàbí àrùn Crohn àyàfi nínú ìwádìí tí a ń ṣọ́. Fún àpò ìfun tó wú, wọ́n gbà pé a lè lo àdàlù ìran mẹ́jọ náà. Àwọn oníṣègùn kan ní Yúróòpù fi ọwọ́ sí kòkòrò Nissle fún egbò ìfun ńlá tó ti rọlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀ràn kò fi ẹnu kò délẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó ní ohun tó fẹ́ tà.

Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà àrà. Ní 2000, Lothar Steidler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù yí àbùdá Lactococcus lactis, bakitéríà tí wọ́n fi ń ṣe wàrà dídì, padà, tí ó fi ń ṣe èròjà tí ń pàrọwà fún àwọn ọmọ ogun ara. Ó mú ìfun eku rọlẹ̀. Wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di oògùn tí dókítà lè kọ fún ẹnikẹ́ni.

Ògì ńkọ́? Irú ńkọ́?

Ìbéèrè tí àwọn ìyá wa máa ń bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nìyí, ó sì mọ́gbọ́n wá. Ilẹ̀ wa kò ṣàìní oúnjẹ tí kòkòrò aláàánú ń bá wa sè. I. A. Akinrele, tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, fi hàn ní 1970 pé Lactobacillus plantarum ni ọ̀gá nínú àwọn bakitéríà tí ń mú ògì kan. Irú tí a fi ń se ọbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Bacillus subtilis ni. Ní 1994, D. K. Olukoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa ògì kan tí wọ́n pè ní Dogik, tí wọ́n fi bakitéríà tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà ṣe, pẹ̀lú ìrètí pé yóò ran àwọn tí ń ṣu gbuuru lọ́wọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe àrùn tí a ń sọ. Ẹ sì tún ṣàkíyèsí pé bí a bá ti po ògì sínú omi híhó tó di ẹ̀kọ, bakitéríà inú rẹ̀ ti kú. Èyí kò sọ wọ́n di oúnjẹ búburú. Oúnjẹ gidi ni wọ́n. Omi orí ògì, tí a ń pè ní omidùn, ni bakitéríà ti wà láàyè, ṣùgbọ́n ìmọ́tótó rẹ̀ kò ju ti omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo àti ti ìkòkò tó wà lọ. Fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ti di egbò, omidùn tí a kò mọ orísun omi rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Kò sì tíì sí ìdánwò lára àwọn aláìsàn tó fi ògì tàbí irú wo egbò ìfun ńlá.

Ewu tó wà níbẹ̀

Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé “bí kò bá tilẹ̀ ṣe é lóore, kò lè pa á lára.” Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́: inú lè kún, afẹ́fẹ́ lè pọ̀ nínú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ń ṣàìsàn gidi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Netherlands, wọ́n fún àwọn aláìsàn tí páńkríásì wọn wú gan-an ní àdàlù próbáyótíìkì, pẹ̀lú èrò pé yóò dènà àrùn mìíràn. Ìwádìí náà jáde ní 2008. Nínú àwọn 152 tó lo bakitéríà, 24 kú. Nínú àwọn 144 tó lo ìyẹ̀fun lásán, 9 kú. Àrùn yẹn kì í ṣe ti ìfun wíwú, ṣùgbọ́n ó kọ́ gbogbo ayé pé ohun tó wà láàyè kì í ṣe ohun eré. Àwọn tí oògùn ń dín agbára ọmọ ogun ara wọn kù, bí sítẹ́rọ́ìdì tàbí azathioprine, ní láti bi dókítà kí wọ́n tó fi ẹnu kàn án, nítorí pé bakitéríà lè gba ojú egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn oògùn wọ̀nyí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ìfun wíwú ń lò.

Ewu tó tún pọ̀ jù èyí ni kí ènìyàn dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ó ti rí ohun tí wọ́n pè ní “ti àdáyébá”. Mesalazine kì í ṣe oògùn tó rọrùn láti rà lóde òní, a sì mọ ohun tí owó oògùn ń ṣe nínú ilé. Ṣùgbọ́n àrùn tó bá jí padà ń náni ju oògùn tó mú un sùn lọ, nítorí pé ilé ìwòsàn ni yóò gbé ènìyàn dé, nígbà mìíràn dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Egbò ìfun ńlá tí a kò kápá fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ń mú kí ewu àrùn jẹjẹrẹ ìfun pọ̀ sí i.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde, tàbí tí ara bá ń rù láìnídìí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tí òòyì ń kọ́ni, tàbí tí inú bá le gbagidi pẹ̀lú ibà, kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá amíbà, ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí ikọ́ ife ni. Ẹ má ṣe bínú bí wọ́n bá sọ pé kí ẹ tún mú ìgbẹ́ wá lẹ́ẹ̀kejì. Wíwá ikọ́ ife dáadáa ṣe pàtàkì, nítorí pé ó jọ àrùn Crohn gan-an, sítẹ́rọ́ìdì tí ń mú Crohn rọlẹ̀ sì ni ó ń mú ikọ́ ife gbilẹ̀.

Bí ìyẹn kò bá ṣàlàyé rẹ̀, dókítà yóò kọ ìwé sí ibi tí wọ́n ti lè fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lórí wo inú ìfun ńlá. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni UCH ní Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọn yóò fún yín ní oògùn tí yóò fọ ìfun kí ọjọ́ náà tó pé, wọn yóò sì gé ẹran díẹ̀ lára awọ ìfun láti lọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Ojú ń ti àwọn kan, pàápàá àwọn àgbà ọkùnrin, láti jẹ́ kí wọ́n wo ìdí wọn. Àwọn dókítà yẹn ti rí ìdí púpọ̀, wọn kò rántí ti ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá sì ń lo próbáyótíìkì lọ́wọ́, tàbí agbo, kí ó má ṣe fi pamọ́ fún dókítà. Kí ó wo ara àpò náà bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, bóyá wọ́n kọ orúkọ ìran bakitéríà náà ní kíkún pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti bóyá wọ́n ní inú ẹ̀rọ amómitutù ni kí ó máa wà. Èyí tó ní kí ó wà nínú òtútù, tí ó sì ti jókòó sínú oòrùn lórí tábìlì ọlọ́jà láti àárọ̀, ọ̀pọ̀ bakitéríà inú rẹ̀ lè ti kú. Kí ó mú àpò tàbí ìgò náà gan-an dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà lè ka ohun tó wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀.